Ìbọn olójú kan tí kò wọ́n: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní i, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún yín?

Àgbẹ̀OjúỌ̀nàÌlobú kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ inú ilé yìí. Òkè-Fìà níbí l'Óṣogbo ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Ìlobú ni oko mi wà. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mo ń gbìn. Ọ̀yà ò jẹ́ n gbádùn rárá. Ẹ̀gẹ́ tó ti ń ta dáadáa, wọn á gé e nídìí, wọn á jẹ díẹ̀, wọn á fi ìyókù sílẹ̀ kó jẹrà. Mo ti dẹ okùn wáyà, mo ti fi àwọ̀n yí oko ká, abẹ́ àwọ̀n náà ni wọ́n ń gbà wọlé.

Mo wá ń rò ó pé kí n gba ìwé àṣẹ, kí n ra ìbọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n má fi owó ṣòfò lórí ìbọn olójú kan, èyí táwọn ọdẹ ń pè ní síńgù. Wọ́n ní pọ́m̀pù, èyí tó ń gba ọta púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ni kí n rà, àbí kí n ní sùúrù títí owó dọ́bù, ìyẹn olójú méjì, yóò fi pé. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí. Ajílẹ̀ ti gbówó lórí, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó bá ní síńgù nílé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tó? Kí ló dáa nínú rẹ̀, kí ló ń bí yín nínú?

ỌmọOlúọdẹ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Àwọn tó ní kẹ́ ẹ lọ ra pọ́m̀pù yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti pa ọ̀yà rí láyé wọn. Ọ̀yà kì í dúró gba ọta kejì. Ìbọn dún, ẹ ò bà á, ó ti wọgbó lọ nìyẹn, kódà kí ọta méje ṣì wà nínú ìbọn yín.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe síńgù. Ọ̀pá kan, tírígà kan, hámà kan, irin kékeré kan tó ń ti èèpo kátíríìjì, ìyẹn ohun tí wọ́n di ọta àti ẹ̀tù sínú rẹ̀, jáde. Ẹ tẹ irin ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣẹ́ lọ́rùn, ẹ ki ọta bọ̀ ọ́, ẹ pa á dé. Ó tán. Kí ló fẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀? Àìsí wàhálà yẹn náà ló jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ní ti dọ́bù, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n kàn so ọ̀pá méjì mọ́ra ni. Rárá o. Wọ́n gbọ́dọ̀ jó ọ̀pá méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí ọta ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì yóò fi máa bọ́ sójú kan náà. Bí ó bá fi díẹ̀ wọ́, ọ̀kan á máa lọ sókè, èkejì á máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ń jẹ àkókò, ohun tó sì ń yin ọta di méjì. Owó iṣẹ́ yẹn lẹ máa san. Ṣé ọ̀yà mọ̀ pé ẹ san án ni?

Pọ́m̀pùLèmi kọ:

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ o, bàbá. Ọ̀yà nìkan kọ́ ló wà nínú oko láyé ìsinsìnyí. Ṣé ẹ ò gbọ́ ti àwọn ajínigbé ni? Bí èèyàn mẹ́ta bá yọ sí yín lójijì, ẹ yin ẹyọ kan, ẹ wá ń wá kátíríìjì nínú àpò ṣòkòtò bí ẹni ń wá ṣéńjì fún kọ̀ndọ́. Kí ẹ tó rí i yọ, wọ́n ti gbé yín dé Ìbòkun.

Ẹni tó bá máa ra ìbọn, kó ra èyí tó máa gbà á là.

ỌmọOlúọdẹ kọ:

Bí ajínigbé mẹ́ta tó mú AK dání bá yọ sí ẹ, ìwọ pẹ̀lú pọ́m̀pù rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ló máa gbà ẹ́ là. Àgbẹ̀ ló béèrè ọ̀rọ̀ o, kì í ṣe Àmọ̀tẹ́kùn.

Lọ́yàAyétòrò kọ:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i kí ẹnì kan tó ti ibí kó sí wàhálà.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ló ṣì ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà, ó sì pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ni àwọn tí kò yẹ ká rí lọ́wọ́ aráàlú: ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́. Ọ̀wọ́ kejì ni síńgù àti dọ́bù bọ́ sí, ìyẹn ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí kì í fúnra rẹ̀ ki ọta. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni òfin fún láṣẹ láti fúnni ní ìwé rẹ̀. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ti ẹnu ki, ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìwé tiwọn.

Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Wọn kì í fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pọ́m̀pù, ẹ rántí ọdún 2018. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà pàṣẹ pé kí àwọn tó ní ìbọn tí kò bófin mu kó wọn sílẹ̀, ó sì dárúkọ pọ́m̀pù mọ́ ọn. Bí wọ́n bá wá ká ìbọn mọ́ yín lọ́wọ́ láìsí ìwé, òfin olè àti ìbọn sọ ọ́ kedere: owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń wá ohun tó rọjú, kó ti ibẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní oko, tó ní ìdí gúnmọ́, tó ń béèrè síńgù, ó rọrùn láti gbẹnu sọ fún un.

Pọ́m̀pùLèmi kọ:

Lọ́yà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mi lórí ìkànnì yìí kò ní yí padà o 😂

BàbáÌjáláÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun kọ:

Ẹ kú àríyànjiyàn o, ẹ̀yin ọmọ. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ọdẹ ń lọ ní Òṣogbo. Ọdẹ ṣáà ni Olútìmẹ́hìn tí òun àti Láróyè dé etí odò yìí, kí àwọn òyìnbó tó mọ̀ pé igbó Ọ̀ṣun wà débi tí UNESCO fi wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Kẹ́ni kẹ́ni má sì gbé ìbọn wọnú igbó yẹn o, ìbáà jẹ́ síńgù, ìbáà jẹ́ dọ́bù. Èèwọ̀ ni.

Ìwọ àgbẹ̀, ọmọ mi, ṣakabùlà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo mọ ohun tí ìbọn olówó pọ́ọ́kú jẹ́. Wàá da ẹ̀tù sí i, wàá ki akísà, wàá fi ọ̀pá gún un, wàá da ọta sí i, wàá tún ki akísà lé e kó má baà dà jáde nígbà tí o bá doríkodò nínú igbó. Kí o tó parí, ẹtu ti dé Ẹdẹ. Bí òjò bá wá pa ẹ̀tù, ìbọn á kàn dún ṣá, ẹran á yíjú wò ọ́ bí ẹni ń wo aṣiwèrè.

Nígbà tí mo wá bọ́ sórí síńgù, ayé mi dẹrùn. Ti Rọ́ṣíà ni, Baikal ni wọ́n kọ sí i lára. Hámà rẹ̀ ò sí níta, inú ló wà. Ọ̀dọ̀ opó ọdẹ kan ni mo ti rà á, a sì jọ lọ yí ìwé rẹ̀ sí orúkọ mi lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Igi ìdí rẹ̀ ti sán, mo fi awọ ewúrẹ́ dì í. Títí dòní, bí mo bá ṣí i tí mo yọjú wo inú ọ̀pá rẹ̀ sójú oòrùn, ó ń dán gbinrin.

Ohun tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ní ọta kan ṣoṣo nínú ìbọn kì í yìn ín sí ewé tó ń mì. Yóò dúró. Yóò wo etí, yóò wo imú, yóò wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà. Lóru, iná orí máa ń mú ojú ẹran tàn, ṣùgbọ́n ojú màlúù ń tàn, ojú ajá ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ náà ń tàn. Mo ti bá wọn ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹkún ló máa ń parí sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ìbọn ọlọ́ta púpọ̀, pá-pá-pá ni wọ́n ń yìn ín, ìgbà tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń lọ wo ohun tí wọ́n yìn. Síńgù ló kọ́ mi ní sùúrù. Ọ̀gá ọdẹ tí mo bá ṣiṣẹ́ kò rí i kọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

ÌyàwóỌdẹÒtaẸfun kọ:

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ ìbọn títí, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ èjìká.

Bàbá àgbẹ̀, síńgù máa ń gbáni o! Ìdí tó fi ń gbáni kò sì le. Fífúyẹ́ rẹ̀ náà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wúwo tó kílò mẹ́ta. Ọta ńlá nínú ìbọn fífúyẹ́, gbogbo agbára rẹ̀ ń padà sí èjìká ẹni tó dì í mú. Ọkọ mi fún mi ní géèjì 12 tirẹ̀ pé kí n dán an wò, ó sì lọ ki kátíríìjì gígùn onínṣì 3 sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gún iyán.

Ẹ ra géèjì 20. Ó tó ọ̀yà, ó tó ẹtu, ó tó àparò, èjìká yín yóò sì máa dúpẹ́. Bí ẹ bá sì ti ra géèjì 12, ẹ má wá ọta gígùn kiri. Èyí tó jẹ́ mílímítà 70 ti tó. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n ọta tí ìbọn lè gbà sí ara ọ̀pá rẹ̀, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ọta gígùn nínú ilé ọta kúkúrú lè wọlé lójú yín o, ìgbà tí ẹ bá yìn ín ni ewu rẹ̀ máa hàn.

Àgbẹ̀OjúỌ̀nàÌlobú kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìyá wa, ẹ má bínú, kí ni géèjì yẹn? Mo rò pé 20 ló yẹ kó tóbi ju 12 lọ.

Ṣẹ́gunAtlanta kọ:

Mo fẹ́ dáhùn ìyẹn. Ọmọ Òkè-Báálẹ̀ ni mí, Amẹ́ríkà ni mo wà báyìí.

Ìṣirò àtijọ́ ni. Ẹ mú òjé tó wọn páúǹ kan, ẹ pín in sí ọta rogodo 12 tó dọ́gba. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló máa wọ inú ọ̀pá géèjì 12 régírégí, nǹkan bíi mílímítà 18.5. Bí ẹ bá pín in sí 20, ọta kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, ọ̀pá á kéré sí i, nǹkan bíi mílímítà 15.6. Èyí tí wọ́n ń pè ní .410 nìkan ni kò tẹ̀lé ìṣirò yìí, ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ má ra .410 fún ọ̀yà. Ọta inú rẹ̀ kò pọ̀, àfi kí ẹ sún mọ́ ọn gan-an, ọ̀yà kì í sì í gbà kéèyàn sún mọ́ òun.

Níbí, síńgù ni ìbọn tí ọ̀pọ̀ bàbá fi ń kọ́ ọmọ. Àwọn Harrington & Richardson ló gbajúmọ̀ jù nídìí rẹ̀, ọdún 1871 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Topper ni wọ́n ń pe tiwọn. Pardner wá ni èyí tó tún rọjú, tuntun rẹ̀ kò tó 200 dọ́là nígbà ayé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Marlin rà wọ́n ní 2000, Remington wá ra Marlin, ó sì di 2015 kí wọ́n tó dá ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ẹ wo àwa èèyàn: ìbọn tí wọ́n ń gbé ti ògiri nígbà tó wà lọ́jà, ìgbà tí wọn ò ṣe é mọ́ ni wọ́n ń wá a kiri. Savage ń ta Stevens 301 báyìí, Henry náà ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ti Henry kì í ṣe owó tálákà, igi dáradára ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, owó igi yẹn wà níbẹ̀.

Topper àtijọ́ kan ni tèmi, ilé ìtajà àwọn tó ń gba nǹkan ìdógò ni mo ti rà á. Mo kọ fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹni tó ń ra ìbọn níbí máa ń kọ, wọ́n yẹ orúkọ mi wò, mo gbé e lọ sílé. Igi rẹ̀ ti ha, ṣùgbọ́n bó bá ṣí, èèpo ọta á fò kọjá èjìká mi, òórùn ẹ̀tù á gba imú mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ fetí sí èyí. Nínú àwọn Topper tí kò pẹ́ jù, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó máa ń gòkè sáàárín hámà àti ohun tó ń kan ìdí ọta, ìgbà tí èèyàn bá fa tírígà nìkan ló ń gòkè. Bí ìbọn bá bọ́ sílẹ̀, hámà ò lè dé ibẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an ò ní irin yẹn. Bí hámà wọn bá kanlẹ̀ nígbà tí ọta wà nínú wọn, wọ́n lè dún. Nítorí náà, bó bá ti jẹ́ ìbọn àtijọ́, kí ẹ dé ibi tí ẹran wà kí ẹ tó ki ọta sí i. Síńgù ò sì fi ìyẹn nira, àfi kí ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ apá bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á rí i pé òfo ni.

ỌmọGárèjìÀtijọ́ kọ:

Brọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ ò kúkú fi ọ̀kan sínú ẹrù tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sílé. Àbí kí bàbá lọ bá àwọn alágbẹ̀dẹ, wọ́n á ṣe agbélẹ̀rọ fún un ní ìdá díẹ̀ owó yẹn. Kátíríìjì kan náà ló ń yìn.

Lọ́yàAyétòrò kọ:

Ọmọ Gárèjì, ọ̀rọ̀ méjì lo sọ, ẹ̀wọ̀n ni méjèèjì. Kíkó ìbọn wọlé láìgba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ì báà jẹ́ inú páálí aṣọ àkísà ni wọ́n fi sí. Ṣíṣe ìbọn láìgba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ti ẹni tó ṣe é àti ti ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí agbélẹ̀rọ fẹ́ gbà ní ìwé.

BàbáÌjáláÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun kọ:

Gbọ́, ọmọ Gárèjì. Yàtọ̀ sí ti òfin, páìpù omi ni ọ̀pọ̀ agbélẹ̀rọ. Agbára tó wà nínú kátíríìjì ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe páìpù omi fún. Mo mọ ọkùnrin kan tí ìka rẹ̀ kù méjì ní ọwọ́ òsì. Kó o tó tún dárúkọ agbélẹ̀rọ fún ẹlòmíì, lọ kí i.

Alámòójútó kọ:

Mo ń rán yín létí o: a kì í ra ìbọn, a kì í tà á, a kì í sì í júwe ẹni tó ń ṣe é lórí ìkànnì yìí. Mo fi ọ̀rọ̀ ọmọ Gárèjì sílẹ̀ nítorí èsì tó gbà. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Àgbẹ̀OjúỌ̀nàÌlobú kọ:

Kò sí agbélẹ̀rọ nínú ọ̀rọ̀ tèmi, ẹ fọkàn balẹ̀. Tokunbọ̀ ni mò ń wò, èyí tó ní ìwé, tí a ó jọ lọ yí i padà bíi ti Bàbá. Kí ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ̀ kí wọ́n má baà ta ògbólógbòó fún mi?

BàbáÌjáláÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun kọ:

Kọ́kọ́ ṣí i, kí o rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ tà á búra fún ọ, ṣí i síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, yọ igi iwájú, ìyẹn èyí tí ọwọ́ òsì ń dì mú. Pa ìbọn dé, di ìdí rẹ̀ mú, kí o mì ọ̀pá rẹ̀. Bí o bá gbọ́ gbà-gbà-gbà, ibi tó ti ń ṣẹ́ ti jẹ. Gbé e sókè sójú oòrùn, wo àárín ọ̀pá àti irin ẹ̀yìn bó ṣe pa dé. Ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Bó bá yọ, gbé ìbọn fún un, kí o sọ pé o dúpẹ́. Má ṣe ná an rárá, nítorí bó bá fi dín owó fún ọ, ojú yóò wọ̀ ọ́.

Fi ìka rẹ tọ ọ̀pá láti ìdí dé ẹnu. Ibi tó bá ti wú bí òrùka, nǹkan ti dí i rí tí wọ́n sì yìn ín bẹ́ẹ̀. Wo inú ọ̀pá. Ìpẹta díẹ̀ kì í pa ìbọn, ihò ìpẹta ló ń pa á. Wo ẹnu rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi ayùn gé e kúrú. Èyí tí wọ́n bá ti gé, má fọwọ́ kàn án, ìbọn ọdẹ kọ́ nìyẹn.

Igi sán, igi ha, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Fi ìyẹn ná an.

ỌmọOlúọdẹ kọ:

Bàbá ti parí ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ló kù, òun gan-an sì ló ń jẹ owó: kátíríìjì. Ìbọn, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rà á, bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọ yín á jogún ẹ̀. Kátíríìjì, gbogbo ìgbà ni. Ibẹ̀ ni síńgù ti ń gba owó yín là lẹ́ẹ̀kejì, torí kò jẹ́ kí ẹ máa fọ́n ọn ká.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á di kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní SSG lé yín lọ́wọ́ torí pé ọta inú rẹ̀ tóbi. Ọta ńlá yẹn kò pọ̀ nínú kátíríìjì, àlàfo tó máa wà láàárín wọn tó kí ọ̀yà gba ibẹ̀ kọjá. Nọ́ńbà 4 tàbí 5 ni fún ọ̀yà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ọta ń kéré, nọ́ńbà 7 ti àparò ni. Bó bá sì ti ju ìgbésẹ̀ 35 lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ìbọn.

Lẹ́yìn òjò, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún nínú àti níta, kí ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ pa á. Síńgù rọrùn láti nù, ẹ ṣí i, ẹ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, ẹ rí inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

ÌyàwóỌdẹÒtaẸfun kọ:

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti kátíríìjì, ẹ̀yin ilé tó bá ní ìbọn méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ́tí. Kátíríìjì géèjì 20 máa ń jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọ̀ yẹn sí i ni. Bí ó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ọ̀pá géèjì 12, yóò yọ̀ wọlé, yóò há síwájú, ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ ó rò pé òfo ni, ẹ ó ki ti 12 sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì yìn ín. Ọ̀pá á fọ́ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́. Nítorí náà, àpò kan fún ọ̀kan. Nílé tiwa, àpò ọkọ mi dúdú, tèmi pupa, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ tẹnìkejì.

Ní ti àwọn ọmọ: síńgù ṣeé tú. Igi iwájú bọ́, ọ̀pá bọ́, ìdí dá dúró. Ọ̀pá wà nínú àpótí tí mo ń tì, ìdí wà níbòmíì, kátíríìjì wà níbi tí mi ò ní sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọmọ tó máa to ìyẹn pọ̀.

Pọ́m̀pùLèmi kọ:

Ẹ ti gbọ́n jù fún mi lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbà fún mi ní ibì kan: ẹni tó ń ṣọ́ ilé tàbí tó ń ṣọ́ ìlú, síńgù ò tó o. Bó ti wù kí ọwọ́ yá, ẹyọ kan lẹ máa rí yìn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín.

BàbáÌjáláÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun kọ:

Òótọ́ lo sọ. Fún ìṣọ́, dọ́bù ni èmi náà máa gbé.

Àgbẹ̀OjúỌ̀nàÌlobú kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Síńgù géèjì 20 ni mo fẹ́ wá báyìí. Mo ti gbé e kalẹ̀ fún ìyàwó mi, ó ní kí n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Lọ́la ni mo máa lọ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bàbá, bó bá pẹ́ kí ìwé tó jáde ńkọ́? Wọ́n á ti jẹ ẹ̀gẹ́ tán.

BàbáÌjáláÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun kọ:

Yóò pẹ́ díẹ̀. Àwọ̀n tí o ní wọ́n ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé yẹn, gbẹ́ ilẹ̀, kí o ri etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Kí o sì ro ẹ̀gbẹ́ oko yípo, kó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, má ṣe jẹ́ kí koríko kankan wà níbẹ̀. Ọ̀yà kì í fẹ́ gba ojú pápá kọjá. Bí ìwé bá jáde, ojúko yẹn náà ni wàá ti rí wọn yìn.